Adájọ́ Tí Kò Bi Ẹnìkejì Rẹ̀

Ojú Àwòdì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, fíríìjì ni ó ń tún ṣe. Bí ó bá di Sátidé, adájọ́ eré besibọ́ọ̀lù ni. Ìròyìn tó gbòde nípa rẹ̀ báyìí kò dùn ún gbọ́. Ní Sátidé tó kọjá, lójú gbogbo èrò tó kún etí pápá, ó dá ẹjọ́ ohun tí kò rí. Ẹni tó rí i dúró nítòsí rẹ̀, kò sì bi í.

Ẹni tí kò mọ eré náà lè ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ènìyàn ni adájọ́. Eré náà kò ṣòro ó yé. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkan á fi igi gbá a, ẹni tó gbá a á wá sáré yí ibùdó mẹ́rin ká. Ibùdó ìkẹyìn ni wọ́n ń pè ní ilé. Bí ó bá délé kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù kàn án, ó là, ayò kan sì ni fún àwọn tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù kàn án kó tó délé, ó jáde, bí bọ́ọ̀lù náà kò bá ṣáà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi kàn án. Adájọ́ kan á dúró lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ìbòjú irin, ẹnìkejì á wà láàárín pápá. Ojú mẹ́rin ni wọ́n jọ ní, ṣùgbọ́n eruku, òòrùn àti ẹ̀yìn ènìyàn kì í jẹ́ kí ojú mẹ́rin náà tó.

Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà láàárín wọn. Ohun tí o bá rí ni kí o pè. Ohun tí o kò bá rí, má fi orí rò ó: ṣí ìbòjú rẹ, lọ bá ẹnìkejì rẹ níbi tí etí ẹlòmíràn kò ti ní gbọ́, kí o sì bi í pé, “Kí lo rí?” Wọn kì í béèrè pé, “Kí lo rò?” Ẹnìkejì náà ní tirẹ̀, bí wọn kò bá bi í, kò gbọdọ̀ lanu. Ìdájọ́ náà ìbáà wọ́ bí ìwo àgbò lójú rẹ̀, yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò máa wo ojú ọ̀run. Bí ẹni méjèèjì kò bá sì rí i, ẹni tó ń sáré ti là nìyẹn, nítorí a kì í dá ènìyàn lẹ́bi ohun tí ojú kankan kò rí.

Ojú Àwòdì gan-an ni ó ń fi òfin yìí kọ́ àwọn adájọ́ tuntun. “Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà,” á wí, á sì na ìka sí wọn. “Ẹni tó bá ń tijú àtibéèrè, kó lọ máa ta gúgúrú létí pápá.”

Ẹnìkejì rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni ọkùnrin kan tó ń wa mọ́tò fún ilé-ìfọṣọ, tó ń kó aṣọ ìbùsùn ọsibítù lọ, tó sì ń kó o bọ̀. Rédíò ni orúkọ tí wọ́n fi ń pè é, torí pé kò sí ìgbà tí kì í sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ pé ẹ̀wà náà kò jinná. Ìyàwó Ojú Àwòdì ló sọ ọ́ ní Rédíò. Ó máa ń ní, “Ọkọ mi kékeré, níbo ni bọ́tìnnì rẹ wà ná, ká lè dín ohùn yìí kù?” Rédíò náà á ní, “Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà ẹ lọ ra bátìrì, ẹ fi bọ́tìnnì sílẹ̀.” Orí pápá nìkan ni kì í ti í sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, á dákẹ́ lọ gbáà, àfi bí Ojú Àwòdì, tí ó ń pè ní ẹ̀gbọ́n, bá rìn wá bá a pẹ̀lú ìbòjú lábẹ́ apá. Nígbà náà ni á sọ gbólóhùn kan, “Mo rí bọ́ọ̀lù nílẹ̀,” tàbí, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé kí bọ́ọ̀lù tó dé.” Á sì tún pa ẹnu dé.

Ìyàwó náà, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gbé. Kò fi eré kan ṣeré. Ìjókòó tó sún mọ́ ilẹ̀ jù ló máa ń jókòó sí, á mú abẹ́rẹ́ àti òwú dání, torí pé ṣòkòtò adájọ́ a máa ya níbi tí ojú ti ń tini. Ó mọ òfin wọn dáadáa. Bí àríyànjiyàn bá dé nínú ilé lórí ẹni tó fi iná sílẹ̀ ní títàn, á ní, “Kí lo rí? Má sọ ohun tí o rò fún mi o.” Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì lọ pa iná.

Ní ọdún tó kọjá, ohun tí Ojú Àwòdì ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀ dé. Wọ́n yàn án láti dúró lẹ́yìn ilé ní àṣekágbá. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́, kò lójú mìíràn mọ́. Bí ó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ dé, ìwé òfin ló ń kà, á dúró síwájú dígí, á máa na apá méjèèjì bíi ti ẹni tó ń pe “Ó là!”, á sì máa di ẹ̀ṣẹ́ bíi ti ẹni tó ń pe “Ó jáde!” Ìyàwó rẹ̀ á wò ó láti ẹnu ọ̀nà, á ní, “Dígí ti jáde o, ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní àkókò náà, ó bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kaba aláwọ̀ ewé kan ni ó ń fún ní ẹ̀gbẹ́, kaba tí òun fúnra rẹ̀ máa ń wọ̀.

“Ta lo ń fún ìyẹn fún?”

“Èmi ni.”

“Ẹran ara rẹ dà?”

“Mo tà á.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó lọ bu omi mu, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rí i pé oúnjẹ ń ṣẹ́ kù nínú àwo ìyàwó rẹ̀. Ó rí i pé ó ń sinmi ní àárín àtẹ̀gùn. Ó rí i pé kì í sí nílé mọ́ ní ọjọ́ Túsìdé. Obìnrin náà ní òun ń lọ kó aṣọ fáwọn oníbàárà. Gbogbo rẹ̀ ni ó rí. Ọkọ ní ọjọ́ ogbó ló ń dé, pé òun náà kò kúkú yára gun àtẹ̀gùn mọ́.

Àṣekágbá dé, ó sì lọ dáadáa. Kò sí ẹni tó bú u, ìyẹn tó oríyìn fún adájọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ààyè rẹ̀, ó fi kóòtù ọkọ rẹ̀ bora nínú òòrùn ọ̀sán gangan, ó ń pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló ṣubú ní kíṣíìnì. Ní ọsibítù, dókítà bá Ojú Àwòdì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni tó ti mọ̀ sọ̀rọ̀: “Gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé fún ìyàwó yín láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá…” Kò gbọ́ èyí tó kù. Oṣù yẹn kò parí tí obìnrin náà fi kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn kún pálọ̀. Rédíò ló ń kó àga. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó kí ọkọ, ó kí ọmọbìnrin wọn tó ti ìlú mìíràn dé, ó wá rí Rédíò.

“Háà, awakọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá fẹ́ràn yín púpọ̀ o. Wọ́n ní mọ́tò yín ló máa ń gbé àwọn délé.”

Rédíò gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí àwọn èrò dín kù, Ojú Àwòdì pè é sí ẹ̀yìnkùlé.

“Ìwọ mọ̀?”

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́.”

“Ìwọ yìí! Ìwọ tí o ò lè fi ẹ̀wà tí kò jinná pamọ́ dalẹ́! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Rédíò ń wo ilẹ̀. “Ẹ ò bi mí.”

Bí ẹlòmíràn ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, à bá ní ó ń fi ọmọlàkejì ṣẹ̀sín ni. Ṣùgbọ́n Ojú Àwòdì mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Òun gan-an ló fi kọ́ ọ. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́ tó kán sínú ẹran. Ó ní kí Rédíò máa lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí pápá, torí pé ọ̀gá àwọn adájọ́ kò tíì mọ̀. Oríire ló jẹ́ pé kò sí ohun tó fara sin fún ẹ̀gbọ́n láàárín ìgbà náà, títí di Sátidé tó kọjá.

Eré ìyọkúrò ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá pàdánù ti dilé nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni. Ó ku ẹyọ ayò kan kí wọ́n dọ́gba, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń sáré bọ̀ wálé láti ibùdó kẹta bí ẹni tí ajá ń lé. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tó fẹ́ mú un bọ́ síwájú, ó fi ẹ̀yìn dí Ojú Àwòdì lójú pátápátá. Ọmọbìnrin náà fi ara wọ́ ilẹ̀. Eruku sọ. Ojú Àwòdì gbọ́ ìró ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi ń mú bọ́ọ̀lù. Ohun tó gbọ́ nìyẹn. Kò rí nǹkan kan.

Ó gbójú sókè. Rédíò wà ní òdìkejì, níbi tí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kò dí i. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Ojú Àwòdì ni ó ń wò, kò wo ojú ọ̀run.

“Ẹ bi ẹnìkejì yín!” olùkọ́ni àwọn ọmọbìnrin náà pariwo.

“Bàbá, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀!” Ọmọbìnrin tó wà nílẹ̀ ti ń sunkún. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n! Wọ́n rí i!”

Kò gba ju kí ó ṣí ìbòjú, kí ó rìn díẹ̀, kí ó sì béèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé. Bí ó bá lọ bi í, yóò tún gbọ́ ohùn yẹn, ohùn tó sọ pé, “Ẹ ò bi mí.” Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sókè.

“Ó jáde!”

Pápá dàrú. “Ojú Àwòdì ti di ojú òwìwí lọ́sàn-án!” ẹnìkan ké. “Ẹ ra gíláàsì fún bàbá yìí, ẹ so ó mọ́ ọn lórí!” Àwọn mìíràn kàn ń hó ni. Ọmọ tó mú bọ́ọ̀lù náà kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó he bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ orúnkún ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá àwọn adájọ́ ránṣẹ́ pè é. Ìyá àgbà kan ni, olùkọ́ ìṣirò ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì kọ́kọ́ gbé ìbòjú lé Ojú Àwòdì lọ́wọ́.

“Ojú lè ṣì,” ó ní. “Tèmi náà ti ṣì rí, ẹ̀yìn mọ́tò ẹlẹ́ran ni mo gbà sá lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ò ṣì. O ò rí i, o sì mọ̀ pé o ò rí i.”

“Mi ò lè bi í, Mà.”

“Nítorí ìyàwó rẹ? Mo ti gbọ́ ohun tó wà láàárín yín.”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ọmọ yẹn ò mọ ìyàwó rẹ. Ó sáré, ó délé, o lé e síta.” Ìyá náà sún àga mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Èmi náà bá ọ sunkún rẹ̀, o mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ni mo yàn fún Sátidé. Bí o ò bá lè bi í lọ́rọ̀, gbé ìbòjú wá kó tó di Furaidé. Mi ò ní bínú sí ọ.”

Ó rìn délé. Àwọn fíríìjì tí kò tíì tún ṣe wà ní kọ́rídọ̀, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Ó jókòó sáàárín wọn. Ilé yìí kò ní ohùn kan nínú mọ́, àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá pè lórí fóònù, tó ní, “Ẹ ti jẹun, Bàbá?”, tí òun sì ní, “Mo ti jẹun.” Bí ìbòjú bá lọ, Sátidé náà yóò dà bí ọjọ́ Túsìdé, ọjọ́ lásán. Ìbòjú náà ni ohun tó kù fún un láyé, ó sì ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán Wẹ́sídé ló mú ọ̀nà ilé-ìfọṣọ pọ̀n. Inú ibẹ̀ gbóná, òórùn ọṣẹ àti ooru omi gbà á kan, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ń yí gbìrì gbìrì. Rédíò dúró nídìí tábìlì, òkìtì aṣọ ìbùsùn funfun wà níwájú rẹ̀. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sáré wá àga.

“Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mi ò wá jókòó.”

Rédíò na etí aṣọ kan sí i. “Ẹ bá mi di èyí mú nígbà náà. Ẹni tí a jọ ń ká a ti lọ jẹun.”

Ojú Àwòdì gbà á. Wọ́n na aṣọ náà láàárín ara wọn, wọ́n ká a ní àkọ́kọ́, wọ́n rìn pàdé ara wọn, ìka kan ìka. Rédíò gbé e sílẹ̀, ó na òmíràn. Wọ́n ti ká tó bíi mélòó kan kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu àgbàlagbà.

“Kí lo rí?”

Rédíò kò bi í pé ní ibo.

“Mò ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ kọjá ní kọ́rídọ̀ ọsibítù. Mo rí wọn lórí bẹ́ńṣì níwájú yàrá dókítà, wọ́n gbé báàgì lé itan. Wọn ò rí mi. Mo kọjá.”

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Mo tún rí wọn ní Túsìdé kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rí mi. Wọ́n ní, ‘Rédíò, bátìrì rẹ ti kú ni, o ò lè kí èèyàn?’ Ẹ̀rín ò lè wá. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀. Wọ́n sọ fún mi.”

“O bi í.”

“Mo bi wọ́n.”

“Ó sì sọ fún ọ bẹ́ẹ̀ náà?”

“Bí mo ṣe bi wọ́n ni wọ́n sọ.”

Aṣọ tó wà láàárín wọn sọ̀ sísàlẹ̀, etí rẹ̀ kan ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á sókè.

“Kí ló sọ nípa tèmi?”

“Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín, àfi bí ẹ bá bi mí. Wọ́n ní ẹ ti ń retí àṣekágbá yẹn láti ìgbà tí irun yín ṣì dúdú, pé àwọn ò fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ẹ bá bi àwọn fúnra àwọn, àwọn ò ní purọ́.”

“Ṣé ó rò pé n óò bi òun?”

“Ohun tí wọ́n rò, mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n.” Ohùn Rédíò ti ń gbọ̀n. “Ohun tí mo gbọ́ ni mo mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé wọn délé, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tún ìró wọn ṣe, wọ́n á gbójú sókè wo fèrèsé yín. Wọ́n á ní, ‘Ó lè jẹ́ òní.’”

Ojú Àwòdì wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Òun náà rántí àwọn Túsìdé náà: ilẹ̀kùn á ṣí, obìnrin náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, á dúró pẹ́ díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, òun á sì ní, “O ti dé?” láì gbójú kúrò nínú ìwé. Á ní, “Mo ti dé.” Á wá lọ sí kíṣíìnì.

“Mo rí i,” ó ní. “Rédíò, mo rí i kedere. Kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tó dí mi. Iwájú mi níbí ló ti ń fún aṣọ rẹ̀, mo sì ń fi í ṣe àwàdà.” Omijé ti gba ojú rẹ̀, ó ń dà sórí aṣọ funfun náà, kò sì gbọwọ́ sókè láti nù ún.

Rédíò di etí aṣọ tirẹ̀ mú. Àwọn ẹ̀rọ ń yí lọ. Nígbà tó pẹ́, àgbàlagbà náà mí kanlẹ̀.

“Mi ò tíì dárí jì ọ́.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Bí o bá ti sọ fún mi ni, ǹ bá fi àṣekágbá sílẹ̀. Ǹ bá jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì yẹn.”

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Lójoojúmọ́ ni mo ń rò ó.”

“Èmi náà, mi ò tíì dárí ji ara mi.” Ó gbé etí aṣọ tó kan ilẹ̀ sókè, ó wò ó. “Èyí ti dọ̀tí.”

“A ó tún un fọ̀.”

Ó ń lọ sílé nígbà tó dúró lẹ́bàá ògiri kan, ó pe olùkọ́ni àwọn ọmọbìnrin ọjọ́ Sátidé lórí fóònù. Ó ní òun kò rí i, pé òun pè é bẹ́ẹ̀ láìrí i, kí wọ́n bá òun sọ fún ọmọ náà. Olùkọ́ni náà ní, “A mọ̀, Bàbá. Ó ti pẹ́ jù,” ó sì pa fóònù. Òótọ́ ló sọ. Ìdájọ́ orí pápá, bí èrò bá ti túká, kò ṣeé yí padà mọ́.

Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀gá àwọn adájọ́. Kò sọ̀rọ̀ ìbòjú. Ó béèrè aago tí wọ́n ń retí àwọn. Ìyá náà sọ fún un, ó ní kí ó sùn dáadáa, òun náà sì ní òun á gbìyànjú.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń ṣeré, ní pápá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ panápaná. Lọ́tẹ̀ yìí, Rédíò ni yóò dúró lẹ́yìn ilé, Ojú Àwòdì yóò wà láàárín pápá, kò sì gbọdọ̀ lanu àfi bí Rédíò bá bi í. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni eré yóò bẹ̀rẹ̀.